Ìdí Tí Ẹyẹ Fi Lè Pọ̀ Nínú Igbó Tí Wọ́n Ti Dà Rú, Síbẹ̀ Kí Igbó Náà Máa Pàdánù Ẹyẹ

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń rú àwọn tó ń ka ìròyìn nípa igbó lójú. Wọ́n á kà pé àwọn agégẹdú wọ igbó kan ní ilẹ̀ olóoru, wọ́n á tún kà pé nígbà tí àwọn onímọ̀ lọ ka ẹyẹ ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, iye irú ẹyẹ tí wọ́n rí kò fi bẹ́ẹ̀ dín, pé nígbà mìíràn ó tilẹ̀ lé sí i. Ẹlòmíràn á wá sọ pé igbó kan náà ti ń ṣófo. Èwo ni ká wá gbà gbọ́ nínú méjèèjì? Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má parọ́. Ẹni àkọ́kọ́ ń ka orí ẹyẹ, ẹnì kejì sì ń béèrè ohun tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ń jẹ àti ibi tó ti ń wá a. Lójú tèmi, iye tí a kà láìbéèrè ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí kò lè sọ ohun púpọ̀ fún wa nípa igbó.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ìdàrú igbó. Kì í ṣe kí wọ́n gé gbogbo igi lulẹ̀ kí wọ́n sì fi ilẹ̀ ibẹ̀ dáko nìkan ni. Èyí tó wọ́pọ̀ gan-an ni kí àwọn agégẹdú mú ìwọ̀nba igi ńláńlá lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, kí katakata wọ́ ìtì igi náà jáde, kí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Òmíràn ni kí iná jó abẹ́ igbó kọjá láìpa àwọn igi tó ga, tàbí kí ọ̀nà la àárín rẹ̀ kọjá, tàbí kí oko àti pápá ẹran yí i ká títí yóò fi ku abala kékeré kan. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkè lè máa rò pé igbó ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ti yàtọ̀. Nínú ẹgàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń dé ilẹ̀ kò tó ìdá 5 nínú 100; afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ọ̀rinrin kì í tán níbẹ̀, ewé tó já sì bo ilẹ̀ nípọn. Bí wọ́n bá gé igi ńlá kan, ó máa ń fa àwọn mìíràn lulẹ̀ nítorí ìtàkùn tó so wọ́n pọ̀, òkè á sì ṣí sílẹ̀ bí ilé tí ìjì ká òrùlé rẹ̀. Oòrùn á wọlé, ilẹ̀ á gbóná, ewé ilẹ̀ á gbẹ, ìtàkùn, koríko àti àwọn igi tó ń yára dàgbà á sì gba gbogbo ibẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, òdòdó àti èso wẹ́wẹ́ lè pọ̀ níbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń dé bá ẹyẹ lẹ́yìn náà, inú ìyípadà ìmọ́lẹ̀ àti oúnjẹ yìí ló ti ń wá.

Ní ti oúnjẹ, àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ kì í fi ìbátan nìkan pín ẹyẹ. Wọ́n tún máa ń kó wọn sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ń jẹ. Agbe àti àlùkò ń jẹ èso. Àtíòro náà ń jẹ èso, àmọ́ kò ní kọ kòkòrò tàbí alángbá bó bá rí i. Àdàbà àti ẹ̀gà ń ṣa hóró, àṣá ń pa ẹran jẹ, àwọn ẹyẹ tíńtínní kan tí àgógó wọn gùn tó sì tẹ̀ ń fa omi dídùn inú òdòdó. Ẹgbẹ́ ajẹkòkòrò ló gbòòrò jù lọ nínú ẹgàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti lójú pọ̀, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń wá kòkòrò kò jọra rárá. Àkókó ń gbẹ́ ara igi kó lè rí ìdin tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀kan ń rìn nílẹ̀, ó ń fi àgógó yí ewé gbígbẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òmíràn jókòó jẹ́ẹ́ lórí ẹ̀ka, ó ń retí kí kòkòrò fò kọjá. Àwọn kan tilẹ̀ wà ní igbó Amẹ́ríkà Gúúsù tó jẹ́ pé ewé gbígbẹ tó há sínú ìtàkùn, tí kò tíì já balẹ̀, ni wọ́n máa ń tú wò, ibẹ̀ ni aáyán àti aláǹtakùn tí wọ́n ń jẹ máa ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án. Ẹyẹ tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè déédéé di ọdẹ ojú òfúrufú ní ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn tó ń jèrè ìdàrú igbó kò ṣòro láti mọ̀. Bí òdòdó bá pọ̀ lójú ibi tí igi ti ṣubú, ẹyẹ tó ń fa omi òdòdó á wá a débẹ̀. Bí koríko bá so, àwọn ajẹhóró tí kì í wọ ẹgàn tẹ́lẹ̀ á gba ojú ọ̀nà katakata wọlé. Àwọn tí gbogbo nǹkan jẹ́ oúnjẹ lójú wọn, ìbáà jẹ́ èso, kòkòrò tàbí hóró, máa ń gbádùn ibi tí nǹkan ti dàrú. Báyìí ni àpapọ̀ iye irú ẹyẹ ṣe lè lé sí i: àlejò ti dé, onílé kò sì tíì kú tán. Ẹni tó bá kà wọ́n pọ̀ á ní nǹkan ti dára, bẹ́ẹ̀ àwọn àlejò wọ̀nyí ni a lè rí nínú oko, létí ọ̀nà àti nínú ọgbà, nígbà tí ẹni tó ń lọ kò ní ibòmíràn tó lè gbé.

Àwọn ajẹkòkòrò abẹ́ igbó, pàápàá àwọn tó ń rìn nílẹ̀, ni wọ́n ń pàdánù jù. A rí i bẹ́ẹ̀ ní Amasọ́nì, a rí i ní Áfíríkà, a rí i ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyẹ àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí kò bára tan. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí ojú lásán á rò pé kòkòrò kò lè wọ́n láéláé nínú igbó olóoru. Kòkòrò wà lóòótọ́. Irú èyí tó wà, ibi tó ń gbé àti àkókò tó ń jáde ló ti yí padà. Ewé ilẹ̀ tó ti gbẹ kò gba irú kòkòrò tí ewé olómi ń gbà, ìtàkùn tó ti díjú sì ń dí ẹyẹ tó mọ́ lára láti máa rìn gbẹdẹmukẹ lábẹ́ igi lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí oúnjẹ, ìmọ́lẹ̀ pàápàá jẹ́ ìṣòro fún wọn: òkùnkùn abẹ́ igbó ni ojú wọn ti mọ́, wọn a sì máa yẹra fún ibi tí oòrùn ti ń tàn yàà. Ìtẹ́ wọn sábà máa ń wà nílẹ̀ tàbí nítòsí ilẹ̀, ibi tí ejò àti àwọn ẹranko mìíràn tó ń jẹ ẹyin ti lè tètè dé, ọmọ tí wọ́n sì ń bí lẹ́ẹ̀kan kò pọ̀, kò ju ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí iye wọn bá wá dín, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó padà bọ̀ sípò.

Ohun tí mo rò pé àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ wọ̀nyí kò lè dá àyè gbalasa kọjá. A máa ń wò ó pé níwọ̀n ìgbà tí ẹyẹ bá ti ní ìyẹ́, kò sí ibi tí kò lè dé. Ní Panama, nígbà tí wọ́n dí odò Chagres kí ọ̀nà omi tí ọkọ̀ ń gbà láti òkun dé òkun tó ṣí ní 1914, omi adágún Gatun bo àfonífojì, orí òkè kan sì di erékùṣù tí à ń pè ní Barro Colorado, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 1,500. Láti 1923 ni wọ́n ti ń dáàbò bo erékùṣù náà fún ìwádìí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ irú ẹyẹ ló ti tán níbẹ̀, àwọn ajẹkòkòrò abẹ́ igbó sì pọ̀ nínú wọn. Kí ló dé tí ìbátan wọn tó wà lódìkejì omi kò fi fò wá rọ́pò wọn? Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2008, àwọn onímọ̀ mú ẹyẹ inú igbó, wọ́n gbé wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ lórí adágún náà ní ibi tí wọ́n ti lè rí etí igbó kedere. Àwọn irú kan fò débẹ̀ láìsí wàhálà. Àwọn irú mìíràn kò lè fo 100 mítà péré. Agbára wọn á tán lójú ọ̀nà. Ẹyẹ tó ń fi ìyẹ́ rẹ̀ fò láti ẹ̀ka kan sí ìkejì lábẹ́ igi kò ní agbára ìrìn-àjò ojú òfúrufú, ọ̀nà mọ́tò tó fẹ̀ tàbí pápá ẹran lásán sì lè jẹ́ odi fún un.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ tó ń tẹ̀ lé ìjàlọ ló fi èyí hàn jù, ó sì tọ́ kí á dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ìjàlọ bá ń ṣígun lọ nínú igbó, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ewé ni yóò máa sá jáde: aáyán, ìrẹ̀, tata, aláǹtakùn, àkekèé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìjàlọ gan-an ni ẹyẹ wá jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ á dúró lórí igi kékeré níwájú ogun náà, yóò sọ̀ kalẹ̀ fìrí, yóò gbé ohun tó ń sá fún ìjàlọ, yóò sì fò padà kí ìjàlọ tó gun òun náà lẹ́sẹ̀. Ní Áfíríkà, àwọn ẹyẹ kan wà tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Ní Amẹ́ríkà Gúúsù àti ti Àárín Gbùngbùn, níbi tí èèrà mìíràn tó jọ ìjàlọ wà, àwọn irú kan tilẹ̀ wà tí wọn kò ní ọ̀nà àtijẹ mìíràn tó ju èyí lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé irú èèrà tí wọ́n ń tẹ̀ lé jù níbẹ̀ kì í ṣígun lójoojúmọ́. Fún nǹkan bí ọjọ́ 15 ó máa ń ṣí kiri, tó sì ń ṣígun dáadáa. Lẹ́yìn náà yóò dúró sójú kan fún nǹkan bí ọjọ́ 20, ogun rẹ̀ á sì dín kù gidigidi. Ẹyẹ tó gbójú lé agbo èèrà kan ṣoṣo yóò fi ebi sùn ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú oṣù. Nítorí náà ló ṣe gbọ́dọ̀ mọ ibùdó agbo púpọ̀, kó máa yẹ̀ wọ́n wò láàárọ̀ kó lè mọ èyí tó ń jáde lọ́jọ́ náà, agbo kọ̀ọ̀kan sì nílò ilẹ̀ tó fẹ̀. Abala igbó kékeré kò lè gba agbo púpọ̀. Nígbà tí ẹyẹ náà bá fi máa jìyà, igi lè wà lórí ìdúró, kòkòrò lè wà lábẹ́ ewé, ẹni tí yóò lé wọn jáde fún un ni kò sí.

Ibi tí a ti mọ èyí dáadáa ni agbègbè ìlú Manaus ní Bràsíl. Ní 1979, Thomas Lovejoy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan níbẹ̀: bí àwọn olówó màlúù ṣe fẹ́ ṣán igbó di pápá ẹran, wọ́n bá wọn ṣètò kí wọ́n fi àwọn abala kan tó jẹ́ hẹ́kítà 1, 10 àti 100 sílẹ̀, wọ́n sì ti mú ẹyẹ inú wọn kà kí gígé tó bẹ̀rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣán àyíká ni pé ẹyẹ pọ̀ sí i nínú àwọn abala náà. Asásálà ni wọ́n, àwọn tí ilé wọn ti ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Kò pẹ́ tí iye náà fi já wálẹ̀, ó sì já kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀ lé èèrà ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn wọn ni àwọn agbo àdàpọ̀, níbi tí irú ẹyẹ púpọ̀ ti ń jọ rìn kiri wá kòkòrò, tú ká. Àwọn ẹyẹ tíńtínní tó ń fa omi òdòdó kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀, wọ́n rí i pé abala hẹ́kítà 100 pàápàá máa ń pàdánù ìdajì irú ẹyẹ abẹ́ igbó rẹ̀ kó tó pé ọdún 15. Ẹni tó bá ka ẹyẹ lọ́dún kejì ìdàrú igbó, tó sì gbé èsì rẹ̀ jáde, gbèsè tí igbó kò tíì san ni kò rí.

Ti àwọn ajèso kò lọ bákan náà, bí ara wọn ṣe tóbi tó sì ni ọ̀rọ̀ wọn dá lé. Àwọn kéékèèké tó ń jẹ èso wẹ́wẹ́ àwọn igi tó ń yára hù máa ń rí oúnjẹ nínú igbó tí wọ́n dà rú. Àwọn ńlá kò rí bẹ́ẹ̀. Àtíòro àti àwọn ìbátan rẹ̀ nílò igi tó ń so èso ńlá, wọ́n sì nílò ihò lára igi tó ti dàgbà, nítorí inú ihò bẹ́ẹ̀ ni abo máa ń wọ̀ nígbà tó bá fẹ́ yé, tí wọ́n á fi ẹrẹ̀ dí ẹnu rẹ̀ kù sí ojú tóóró kan tí akọ ń gbà fún un lóúnjẹ. Igi tó ní irú ihò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ igi gbẹ̀dúgbẹ̀dú, irú èyí tí agégẹdú ń wá. Bí àwọn ọdẹ bá tún gba ọ̀nà gẹdú wọlé, ẹyẹ ńlá ni ìbọn wọn máa ń kọ́kọ́ wá.

Bí ẹyẹ ńlá bá sì ti lọ, igi náà á mọ̀ ọ́n lára, torí pé èyí tó ju ìdajì lọ nínú irú igi ilẹ̀ olóoru ló gbára lé ẹranko láti gbé èso rẹ̀ jìnnà. Ní igbó etí òkun Àtìláńtíìkì ní Bràsíl, irú ọ̀pẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní juçara. Ní 2013, Mauro Galetti àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí sọ pé níbi tí àwọn ẹyẹ ẹlẹ́nu ńlá bíi toucan ti tán, hóró ọ̀pẹ náà ti kéré ju ti ibi tí wọ́n ṣì wà lọ. Èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ ju mílímítà 12 lọ kò sí níbẹ̀ mọ́, nítorí pé ẹyẹ kékeré tó kù kò lè gbé e mì. Hóró kékeré máa ń tètè gbẹ bí ọ̀dá bá dé. Àìsí ẹyẹ ti wọ inú ìran igi lọ nìyẹn.

Títí dé ibi yìí, a ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹyẹ kọ̀ọ̀kan yóò lọ tàbí yóò dúró, tí kò sí ohun mìíràn. Àwọn kan wà tó dúró, ṣùgbọ́n tí wọ́n yí ohun tí wọ́n ń jẹ padà. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n, nígbà tí kò sẹ́ni tó lè tẹ̀ lé ẹyẹ kiri láti òwúrọ̀ dé alẹ́? Ara ẹyẹ náà ni wọ́n ń bi léèrè. Náítírójìn tó wà nínú ohun alààyè jẹ́ oríṣi méjì, ọ̀kan fúyẹ́, ìkejì wúwo díẹ̀. Ara ẹranko máa ń yọ èyí tó fúyẹ́ dànù ju èyí tó wúwo lọ, nítorí náà, ní ìpele kọ̀ọ̀kan, láti ewé dé ara kòkòrò ajewé, láti ara rẹ̀ dé ara aláǹtakùn tó jẹ ẹ́, èyí tó wúwo máa ń lé sí i ní nǹkan bíi 3 sí 4 nínú 1,000. Ìyẹ́ kan tàbí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó, wọ́n á mọ ìpele tí ẹyẹ náà ti ń jẹun. Ní Sabah, ní apá Màléṣíà lórí erékùṣù Borneo, wọ́n fi ọ̀nà yìí wo àwọn ẹyẹ abẹ́ igbó, wọ́n sì rí i pé nínú igbó tí wọ́n ti gé gẹdú rẹ̀, àwọn irú kan ń jẹun ní ìpele tó ga ju ti ẹgàn lọ: kòkòrò tó ń jẹ kòkòrò ẹgbẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, tàbí kí èso dín kí kòkòrò sì pọ̀ sí i. Ẹyẹ tó lè pààrọ̀ oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ló ń rí ibẹ̀ gbé. Ṣùgbọ́n ìpele tó ga túmọ̀ sí pé okùn oúnjẹ tó so ẹyẹ mọ́ ewé ti gùn sí i, agbára sì máa ń ṣòfò ní ojú ìsokọ́ra kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní pè é ní ìròyìn ayọ̀, mi ò sì ní pè é ní ti ìbànújẹ́.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ẹyẹ náà tún lè tan ènìyàn jẹ. Àwọ̀n tín-ín-rín tí ẹyẹ kì í tètè rí ni wọ́n sábà máa ń ta sí abẹ́ igbó. Nínú ẹgàn, ẹyẹ tó ń gbé lórí igi gíga kì í sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀. Nígbà tí igi gíga bá lọ, tí ewé àti èso wá wà nísàlẹ̀, ẹyẹ òkè á bá oúnjẹ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, á sì bọ́ sínú àwọ̀n. Ìwé á sọ pé ó pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ gíga ibi tó ń fò ló dín.

Gbogbo èyí kò sọ igbó tí wọ́n ti gé gẹdú rẹ̀ di aláìwúlò, àṣìṣe ńlá ni yóò sì jẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá fi í ṣe àwáwí láti sun ún níná. Ní Sabah kan náà, wọ́n rí i nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2011 pé igbó tí wọ́n ti gé gẹdú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ṣì ní ju ìdá 75 nínú 100 lọ nínú irú ẹyẹ ẹgàn, nígbà tí oko ọ̀pẹ tó rọ́pò irú igbó bẹ́ẹ̀ kì í gbà ju díẹ̀ lọ nínú wọn. Ní Manaus, nígbà tí wọ́n pa àwọn pápá ẹran kan tì tí igi sì tún hù níbẹ̀, àwọn atẹ̀lé-èèrà gba abẹ́ igi tuntun náà padà sínú àwọn abala kan. Àwọn tó ń rìn nílẹ̀ ló ń pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó mú kí ìṣirò náà le sí i. Nínú ẹgàn Manaus tí ẹnikẹ́ni kò gé, tó jìnnà sí etí pápá, àwọn onímọ̀ fi ohun tí wọ́n rí ní ọdún 1980 sí 1990 wé ohun tí wọ́n rí lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n sì sọ ní 2021 pé àwọn ajẹkòkòrò tó ń rìn nílẹ̀ ti dín kù níbẹ̀ pẹ̀lú, láìsí ayùn, láìsí iná. Ojú ọjọ́ tó ń gbóná sí i ni wọ́n ń fura sí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fi ẹgàn òní ṣe òṣùwọ̀n igbó tí wọ́n dà rú yóò rí ìyàtọ̀ tó kéré sí bó ṣe jẹ́ gan-an, nítorí pé òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ti ń rẹlẹ̀.